Ṣé a lè bu ẹ̀tù inú ọta ìbọn ìgbàlódé sínú ṣakabùlà?

Rárá o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ Kétu tí ẹ ń béèrè bóyá àdó kan náà lẹ lè fi wọ̀n ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ̀tù dúdú tí àwọn baba wa ń lò máa ń rú èéfín, agbára rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀tù aláìléèéfín inú ọta ìgbàlódé, irú èyí tí Paul Vieille ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1884. Tí ẹ bá sé ẹ̀tù aláìléèéfín yìí mọ́ inú irin, bí ó ṣe ń fún mọ́ra ni jíjó rẹ̀ ń yára sí i. Páìpù omi tí alágbẹ̀dẹ fi rọ ìbọn kò lè gbà á. Yóò bẹ́ ni, ojú àti ìka ọlọ́dẹ ló sì máa ń bá a lọ.

Ẹ̀tù dúdú pàápàá, ṣíbí igi tàbí ti bàbà ni kí ẹ fi bù ú, nítorí irin tó kọlu irin lè ta iná. Ẹ má sì yọ́ òjé tí ẹ fẹ́ fi ṣe ọta nínú ìkòkò ọbẹ̀ láéláé! Májèlé ni, àwọn ọmọdé ló ń pa lára jù.