Omi Kànga Dẹ̀rọ̀ Tó Ń Pọ́n: Ẹ Yẹ Páìpù Wò Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Ìbéèrè: Akọ̀wé ìgbìmọ̀ omi abúlé wa ni mí. Omi kànga dẹ̀rọ̀ wa, èyí tí a ń fi ọwọ́ fà, mọ́ gaara nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ti ń pọ́n báyìí, kò ṣeé fi fọ aṣọ funfun mọ́, àwọn kan sì ti padà sí odò. Ọkùnrin kan sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló burú, ó sì fẹ́ ta álọ́ọ̀mù fún wa láti máa dà sínú kànga ní oṣooṣù. Ìwọ̀n wo ni ká máa dà sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má da ohunkóhun sí i. Irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra, ó sì ń bí mi nínú, nítorí pé owó tí àwọn ará abúlé fi ìnira dá jọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lórí oògùn tí yóò tún mú ìṣòro náà le sí i. Bí omi bá mọ́ níbẹ̀rẹ̀ tó sì wá ń pọ́n lẹ́yìn náà, páìpù irin àti ọ̀pá irin tó wà nínú kànga ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe ilẹ̀.

Omi òjò tó ń wọlẹ̀ máa ń gba afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra láti inú ilẹ̀, ó sì máa ń kan díẹ̀, bí ọsàn ṣe ń kan; níbi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ kò bá ní ẹfun tó lè pa ìkan náà, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ṣe dé inú kànga. Ìwọ̀n pH ni a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó: 7 ni àárín, ohun tó bá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kan. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé àti UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, gbé jáde ní ọdún 1994 lórí pọ́ǹpù ọwọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà ti fi hàn pé bí pH omi kò bá tó 6.5, síǹkì tí wọ́n fi bo páìpù irin kò lè dáàbò bò ó, yóò jẹrà, irin yóò sì dípẹtà. Láti ìgbà yẹn ni ìmọ̀ yìí ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í sọ ọ́ fún àwọn ìgbìmọ̀ tó ń dáwó ra páìpù, páìpù kan náà ni wọ́n sì ń tà fún wọn títí di òní.

Álọ́ọ̀mù wúlò fún omi odò tó ní ẹrẹ̀, nínú ìkòkò tàbí agbada, níbi tí ìdọ̀tí ti lè wá sí ìsàlẹ̀. Nínú kànga, ńṣe ló ń mú omi kan sí i, omi tó sì kan sí i ni yóò túbọ̀ jẹ páìpù yín. Kílóríìnì náà ń pa kòkòrò àrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ìpẹtà dúró. Bí ọkùnrin náà bá tún ní kí ẹ gbẹ́ kànga mìíràn, ẹ rántí pé páìpù kan náà nínú irú omi kan náà yóò dípẹtà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ ti pọ́ǹpù náà ní alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má fà á. Ní ìdájí, ẹ gba omi àkọ́kọ́ tó bá jáde sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ wá fà á láìdáwọ́ dúró fún bíi wákàtí kan, kí omi tó ti sùn nínú kànga lè jáde tán, kí ẹ tó gba ti ìgò kejì. Ẹ jẹ́ kí ìgò méjèèjì dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó fi wọ́n wéra, nítorí pé irin tó yòrò nínú omi lè má hàn títí afẹ́fẹ́ yóò fi kàn án. Bí ti ìkejì bá mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ gidigidi, páìpù ni. Bí méjèèjì bá pọ́n bákan náà, ó ṣeé ṣe kí irin wà nínú ilẹ̀ ní tòótọ́, asẹ́ oníyanrìn lókè ilẹ̀ ni ẹ ó sì nílò. Kí ẹ wọn pH lẹ́nu pọ́ǹpù lójú ẹsẹ̀. Omi tó bá pẹ́ lọ́nà kí ó tó dé ilé àyẹ̀wò ti pàdánù carbon dioxide rẹ̀, yóò sì dà bí ẹni pé kò kan tó bẹ́ẹ̀.

Bí páìpù bá jẹ̀bi, ojúlówó irin tí kì í dípẹtà tàbí páìpù rọ́bà líle tí wọ́n ṣe fún pọ́ǹpù ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Pọ́ǹpù Afridev ń lo páìpù rọ́bà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó ni àwòrán rẹ̀ tàbí ti India Mark II, pọ́ǹpù ọwọ́ mìíràn, ní àdáni, nítorí náà oníṣẹ́ yín lè rí wọn gbà kí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn. Ẹ má so irin tí kì í dípẹtà mọ́ páìpù onísíǹkì, nítorí páìpù onísíǹkì náà yóò yára jẹrà. Irin òòfà máa ń gbá páìpù onísíǹkì mú dáadáa. Bí ẹnìkan bá ta “irin tí kì í dípẹtà” fún yín tí òòfà sì gbá a mú bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbá a mú, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀.

Èmi kò rí kànga yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n yọ páìpù jáde kí ẹ tó náwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kò fi gbèdéke ìlera lé irin nínú omi. Láti bíi mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan ló ti ń ba aṣọ jẹ́. Àmọ́ ẹ yẹ omi náà wò fún òjé àti kòkòrò àrùn kí ẹ tó fọkàn balẹ̀. Omi odò tí àwọn ènìyàn yín padà sí léwu ju àwọ̀ pupa yẹn lọ, ẹ tètè sọ fún wọn.

Nígbà tí páìpù bá jáde, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, pẹ̀lú pH omi, jíjìn kànga, irú páìpù tó wà níbẹ̀ àti iye ọdún tó lò, kí ẹ sì fún àwọn abúlé tó yí yín ká àti ọ́fíìsì omi ní ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n tó ra tiwọn.