Ọkọ̀ òfúrufú wákàtí kan: ṣé a lè dín ìrun kù?

Ìbéèrè: Àsàláámù aléékúmù, Àáfà wa. Ọ̀gbà l'Ékòó ni mò ń gbé, iṣẹ́ a sì máa gbé mi lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Bíi wákàtí kan lé díẹ̀ ni ọkọ̀ òfúrufú ń lò, ọjọ́ kejì ni mo sì máa ń padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní n kò gbọdọ̀ dín ìrun kù láti rakáà mẹ́rin sí méjì, pé ẹni tó jókòó sínú ọyẹ́ ẹ̀rọ kò jìyà kankan, pé àwọn tó gun ràkúnmí ni wọ́n ṣe é fún. Láti ọdún kan báyìí, rakáà mẹ́rin ni mò ń kí ní Àbújá. Ṣé ó jàre?

Ìdáhùn: Wa aléékúmú sàláámù. Kò jàre rárá. Jíjìn ọ̀nà ni Ṣàríà wò. Ibn Umar àti Ibn Abbas, àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, a máa dín ìrun kù níbi ìrìn fárúsákì 16, ìyẹn máìlì 48. Àwọn onímọ̀ òde òní ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi kìlómítà 80 sí 89, orí máìlì 48 yìí náà sì ni mázíhábù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Maliki tí à ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa dúró sí. Ìkẹjà sí Àbújá lójú òfúrufú lé ní kìlómítà 500. Kí wọ́n tó pín omi dé ìjókòó yín, ẹ ti kọjá ààlà náà.

Ẹ wá wo ẹni tó kúrò ní Ìkòròdú lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há a mọ́ ọ̀nà fún wákàtí mẹ́ta, tí òógùn bo gbogbo ara rẹ̀. Rakáà mẹ́rin ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyà là ń wò, òun ni ì bá kọ́kọ́ dín tirẹ̀ kù!

Wọ́n ti bi Umar, bàbá Ibn Umar, ní irú ìbéèrè yìí rí. Áyà inú Súrà An-Nisai tó yọ̀ǹda kí arìnrìn-àjò dín ìrun kù dárúkọ ìbẹ̀rù ọ̀tá. Ìbẹ̀rù sì ti lọ, kí ló dé tí a ṣì ń dín ìrun kù? Umar ní ó ya òun náà lẹ́nu, òun sì bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ikẹ́ àti ọlà máa bá a), ó ní sàráà ni Ọlọ́hun fi ta yín lọ́rẹ, ẹ gba sàráà Rẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù ni ibi tí ó yẹ kí arìnrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìrun kù. Mo jókòó lọ́jọ́ kan sí ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ òfúrufú n'Íkẹjà, arákùnrin kan tẹ́ ẹní ìkírun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀, ó kí Alaasari ní rakáà méjì, ó sálámà. Mo ní níbo lẹ ń gbé? Ó ní Agége. Mo ní ẹ dìde, ẹ tún un kí, ẹ ò tíì kúrò nílé. Anas, ọmọlẹ́yìn Ànábì, sọ pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kí Ayilà ní mẹ́rin ní Mẹ̀dínà, ó wá kí Alaasari ní méjì ní Dhul-Hulayfah, lẹ́yìn tó ti jáde kúrò láàárín ilé. Ẹ̀yin ará Ọ̀gbà, àárín ilé yín ni pápákọ̀ Ìkẹjà wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà àbọ̀: tí táyà ọkọ̀ bá ti kanlẹ̀ níbẹ̀, ẹ ti wọlé.

Ní Àbújá, tí ẹ bá kírun tẹ̀lé Lèmọ́mù onílé, ẹ bá a kí i pé mẹ́rin. Mọ̀gàríbì àti Àsùbáà kò ní àdínkù. Àwọn tí ẹ ti kí ní mẹ́rin láti ọdún kan wá, wọ́n ti bọ́ sí i, ẹ kò ní san wọ́n padà.