Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń yí àbùjá kíbọọ̀dù padà nínú VS Code, ètò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù?

Àṣẹ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Delete Line, tó ń pa odindi ìlà rẹ́, dára gan-an: Ctrl+Shift+K ni àbùjá rẹ̀ lórí Windows, bọ́tìnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà sì máa ń ni olùbẹ̀rẹ̀ lára.

Kí wọ́n di Ctrl mú, kí wọ́n tẹ K, lẹ́yìn náà S. Keyboard Shortcuts, ojú ìwé tí gbogbo àbùjá wà, á ṣí. Kí wọ́n wá "delete line" níbẹ̀, kí wọ́n tẹ ìlà tó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré tẹ Enter, èyí tó ń fi àbùjá tuntun náà pamọ́. Bí ẹnì kan bá tẹ Ctrl+D, VS Code á sọ nísàlẹ̀ àpótí náà pé àṣẹ mìíràn ti ń lò ó. Escape ni kó tẹ, kó yan òmíràn. Bí ọkàn wọn ò bá balẹ̀, ẹ fi Reset Keybinding hàn wọ́n. Bọ́tìnì ọ̀tún máòsì ló ń gbé e jáde, á sì dá àbùjá àṣẹ yẹn padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Fáìlì keybindings.json, níbi tí VS Code ń kọ àwọn àbùjá tí wọ́n yí padà sí, ṣì lè dúró ná.