Ọmọ mi ní mò ń "gaslight" òun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 22, ń fa ọ̀rọ̀ lórí owó kan tó ní mo ṣèlérí fún òun. Mo ní mi ò ṣèlérí kankan. Ló bá ní mò ń "gaslight" òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọ̀rẹ́kùnrin òun "ghost" òun. Kí ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí, ṣé mo sì jẹ̀bi?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jẹ́ ká tètè mú ti ọ̀rẹ́kùnrin kúrò nílẹ̀. "Ghost" túmọ̀ sí pé ó dàwátì ni. Kò jà, kò ní òun ò ṣe mọ́. Kò kàn gbé ìpè mọ́, kò sì fèsì àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí ò mọ̀ bóyá kóun máa bínú ni àbí kóun máa dààmú pé nǹkan ti ṣe onítọ̀hún. Ẹ bá ọmọ yín kẹ́dùn, ó ń dunni.

"Gaslight" ló gba àlàyé. Inú eré orí ìtàgé kan tí Patrick Hamilton kọ ní 1938 ló ti wá, fíìmù tí wọ́n fi ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1944 sì tún gbé e kiri. Ọkọ kan máa ń yọ́ lọ sókè ilé lálẹ́ láti wá òkúta iyebíye tó fara pa mọ́ síbẹ̀. Bó bá ti tan iná gáàsì lókè, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ṣe bàìbàì. Ìyàwó rẹ̀ ń rí i, àmọ́ ọkọ ti fi yé e pé orí rẹ̀ ló ń dàrú, débi pé obìnrin náà ò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí irọ́. Ẹni tó ń purọ́ fẹ́ kẹ́ ẹ gba òun gbọ́. Ẹni tó ń ṣe èyí fẹ́ kẹ́ ẹ má fọkàn tán làákàyè tiyín mọ́.

Obìnrin kan tó wá sọ́dọ̀ mi máa ń ya fọ́tò orí tábìlì kó tó sùn, kó lè mọ̀ láàárọ̀ pé ibẹ̀ lòun fi kọ́kọ́rọ́ sí lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e kúrò, tí á tún máa bá a wá a kiri.

Merriam-Webster, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2022, ó sì ti wá di pàṣán báyìí: ẹni tí ò bá ti gbà fúnni, wọ́n á nà án sí i lára. Tiyín ò jọ ọ́ lójú mi. Ohun kan náà lẹ rántí lọ́nà méjì.

Àmọ́ kí lẹ fi kún "mi ò ṣèlérí"? Tó bá jẹ́ "Orí ẹ ò pé, o kì í rántí nǹkan," tó sì jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọmọ yín rí ẹjọ́ rò. Ẹ sọ fún un pé, "Èmi ò rántí pé mo sọ ọ́ o. Báwo lo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi?" Kẹ́ ẹ wá jọ yẹ àtẹ̀jíṣẹ́ yín wò. Bẹ́ ẹ bá bá ìlérí níbẹ̀, Màmá, ẹ bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì sanwó.