Ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo lọ sí Stromboli

Ẹ béèrè bóyá èèyàn lè gba Milazzo, ìyẹn èbúté kan ní Sísílì lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ sí Stromboli, erékùṣù tí òkè tó ń yọ iná wà lórí ẹ̀, láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kó sì padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀ ní Sísílì. Mo rìn káàkiri abúlé látàárọ̀, èéfín nìkan ni mo rí lórí òkè, torí pé iná rẹ̀ kì í hàn nínú oòrùn. Nígbà tí mo dé èbúté nírọ̀lẹ́, wọ́n ní ìgbì ti ga, ọkọ̀ kankan ò ní kọjá mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ṣègbé, ọkọ̀ òfurufú tó yẹ kó gbé mi padà sílé sì lọ láìsí mi nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n alẹ́ tí mo há síbẹ̀ yẹn ni mo tó rí ohun tí mo torí ẹ̀ wá. Kò ju bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 lọ tí òkè náà á tún fi bú, òkúta pípọ́n yòò á fò sókè, á wá máa yí gbirigbiri bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Sciara del Fuoco, títí á fi já sínú òkun. Èèyàn á kọ́kọ́ rí iná náà, kí ìró rẹ̀ tó wá dún wọ̀ ọ́ láyà. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí òkè yìí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sùn.

Torí náà, ẹ sùn síbẹ̀ ní alẹ́ méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ ọkọ̀ òfurufú.

Òkè náà ga ní mítà 924, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kéèyàn dé orí ẹ̀ mọ́ látìgbà tó bú gbàù ní July 3, 2019, tó sì pa ẹnì kan tó ń gun òkè. Tí ara òkè bá balẹ̀, ẹ lè dá rìn dé mítà 290. Afinimọ̀nà ló máa mú yín dé 400, tẹ̀yin ti akoto lórí. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà ti di pípa, ẹ má bá wọn jiyàn. Tàwọn ọmọ, ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́ tó máa ń dúró níwájú Sciara ló dáa jù, wọ́n á rí i dáadáa láìrìn.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kò síná ojú títì lábúlé. Ẹ ra awò tó bo ojú dáadáa fún olúkúlùkù: eérú tó kó sí mi lójú, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń nu omi. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ fèrè ìkìlọ̀ létí òkun, ẹ gbé àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sáré gba ibi tó ga lọ. Ní December 2002, apá kan òkè náà ya wọ inú òkun, omi sì ya wọ abúlé.