Ṣé "gùn" ni ìtumọ̀ mount lórí Linux?

Ẹnì kan bi mí pé ṣé "gùn" la máa pe mount (àṣẹ tá a fi ń so dísìkì mọ́ fódà kan ká lè rí nǹkan inú ẹ̀), bíi kéèyàn gun ẹṣin, ó tún ní tóun bá mount dísìkì lé fódà tí NFS (ọ̀nà téèyàn fi ń lo fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà míì, ìyẹn sáfà) ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé àwọn fáìlì àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn.

Rárá o, kì í ṣe gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 tí Unix ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, dísìkì tóbi, ọwọ́ lèèyàn fi ń gbé e ka orí ẹ̀rọ kí kọ̀ǹpútà tó lè rí nǹkan inú ẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wá. Lójú tèmi o, "tẹ́ lé" ló bá a mu jù. Fódà ni ilẹ̀, filesystem (àkójọ fáìlì inú dísìkì tàbí ti orí sáfà) ni ẹní. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹní kejì lé ti àkọ́kọ́, ti òkè lẹ ó máa rí, àmọ́ ti ìsàlẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Àtìgbà Linux 2.4, ní 2001, ló ti ń gbà ká tẹ́ ẹ lé ara wọn báyìí.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, fódà /data ń wá látorí sáfà, ẹnì kan wá mount dísìkì tuntun lé e. A ṣe ls láti wo ohun tó wà nínú ẹ̀, kò sí nǹkan kan àfi lost+found, fódà tí dísìkì tuntun náà bá wá, àyà gbogbo wa já. Àmọ́ tẹ́míná tèmi tó ti wà nínú /data kó tó ṣẹlẹ̀ ṣì ń rí gbogbo fáìlì wa, torí orí ẹní ìsàlẹ̀ ló jókòó sí, ìgbà tí mo tún cd /data, ìyẹn tí mo tún wọnú fódà náà, ni mo bọ́ sórí ti òkè. Findmnt, àṣẹ tó ń to gbogbo ohun tá a ti mount, náà to /data lẹ́ẹ̀mejì. Mo cd jáde, torí umount (àṣẹ tó ń ká ẹní kúrò) ò ní gbà téèyàn bá ṣì wà lórí ẹ̀, a wá umount lẹ́ẹ̀kan péré, fáìlì yọ padà. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì o, ti sáfà lẹ máa ká kúrò nìyẹn.

Téèyàn bá lọ tẹ́ dísìkì sínú fódà kékeré bíi /data/iṣẹ́ ló máa ń le jù. Sáfà ò mọ̀ pé ẹ tẹ́ nǹkan kan síbẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ò sì ní rí i. Tí sáfà bá kú, ọ̀nà tẹ́ ẹ fi ń dé orí dísìkì yín gba /data kọjá, ls á kàn dúró gbagidi, bẹ́ẹ̀ dísìkì yín ò ní nǹkan kan tó ṣe é. Èmi máa ń gbé tèmi sí /mnt, tí kò gba /data kọjá.