Ẹsẹ̀ Mi Wà Nínú Omi Òkun, Fóònù Ní Mo Wà Lókè: Èwo Ni Kí N Gbà Gbọ́?

Ìbéèrè: Mo dúró létí òkun, omi ń kan ẹsẹ̀ mi, síbẹ̀ áàpù GPS orí fóònù mi ní mo fi mítà 25 ga ju ojú òkun lọ. Fóònù ẹni tá a jọ wà níbẹ̀ ní mítà 2 péré. Èwo ló ń parọ́? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé mo fẹ́ ra ilẹ̀ kan nítòsí omi, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ga tó kí omi má bàa máa wọ ọ́.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má sí èyí tó parọ́ nínú méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka mítà ni kò bára mu.

Sátẹ́láìtì GPS kò mọ òkun rárá. Ohun tí fóònù ń ṣe pẹ̀lú àmì tó gbà lọ́wọ́ wọn ni pé ó ń ṣírò bí ẹ ṣe jìnnà tó sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ ayé, á wá fi èyí wé ìrísí kan tí àwọn awọnlẹ̀ ti fi ìṣirò gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní WGS84. Ìrísí náà jọ̀lọ̀, kò lókè, kò ní àfonífojì, ó sì wú díẹ̀ ní ìbàdí nítorí pé ayé ń yí. Láti àárín ayé dé ojú rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6,378.137 ní agbedeméjì ayé, ṣùgbọ́n 6,356.752 péré ni ní ìkángun àríwá àti ti gúúsù. Ìyàtọ̀ kìlómítà 21 yẹn kì í ṣe kékeré. Òun ló fà á tí téńté òkè Chimborazo ní Ecuador, tí kò ga ju mítà 6,263 lọ láti ojú òkun, fi nǹkan bíi kìlómítà 2 jìnnà sí àárín ayé ju téńté Everest lọ, bẹ́ẹ̀ Everest ga tó mítà 8,848.86. Ẹni tó bá bi yín léèrè òkè tó ga jù láyé, ẹ kọ́kọ́ bi í pé láti ibo.

Òkun gan-an kò tẹ̀ lé ìrísí jíjọ̀lọ̀ yẹn. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ kò wúwo bákan náà níbi gbogbo, ibi tó bá sì wúwo jù ń fa nǹkan mọ́ra ju ibòmíì lọ. Lọ́dún 1774, Nevil Maskelyne, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn lẹ́bàá òkè Schiehallion ní Scotland: okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí, tó yẹ kó wálẹ̀ ṣánṣán, tẹ̀ díẹ̀ síhà òkè náà. Bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń fa okùn náà ló ń fa omi òkun. Ká tiẹ̀ ní kò sí atẹ́gùn, kò sí ìgbì, ojú òkun á ṣì yàtọ̀ sí WGS84. Nínú òkun Íńdíà, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ó fi nǹkan bíi mítà 106 rẹlẹ̀ sí i; lẹ́bàá New Guinea, ó fi nǹkan bíi mítà 85 ga jù ú lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó ti ọ̀kan lọ sí èkejì kò gun òkè o. Omi náà kò sì ní ṣàn láti ọ̀kan lọ sí èkejì, torí òòfà ilẹ̀ ń fa ojú omi yẹn wálẹ̀ ṣánṣán níbi gbogbo, kò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan.

Ojú òkun tí òòfà ilẹ̀ nìkan bá tò yìí ni wọ́n ń pè ní geoid, òun sì ni máàpù ń tọ́ka sí tó bá sọ pé ibì kan ga tó báyìí láti ojú òkun. Ìṣirò rẹ̀ kò le: H = h − N. H ni gíga láti ojú òkun, h ni èyí tí GPS kà láti WGS84, N sì ni bí geoid ṣe ga ju WGS84 lọ níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Tí N bá jẹ́ 23 níbi tẹ́ ẹ wà, 25 yọ 23, ó ku 2. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe ni ibi tí N ti jẹ́ òdì, ìyẹn ibi tí geoid ti rẹlẹ̀ sí WGS84. Létí òkun ní gúúsù Íńdíà, fóònù lè sọ fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí iyanrìn pé ó ti fi bíi mítà 90 rì sísàlẹ̀ omi. Níbẹ̀, ẹ̀ẹ́ yọ nọ́ńbà òdì kúrò nínú nọ́ńbà òdì, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ́ ro 90 àti jù bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí fóònù sọ.

Ẹ lè rí N tó bá ibi tẹ́ ẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ojúlé tó ń ṣírò EGM96 tàbí EGM2008, ìyẹn àwọn àwòṣe geoid tí wọ́n fi ìṣirò gbé kalẹ̀, kẹ́ ẹ fi latitude àti longitude yín sí i. Ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù máa ń gba àmì òdì níwájú. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ áàpù yín wò ná. iPhone máa ń fún àwọn áàpù ní gíga láti ojú òkun. Gíga tí Android ń fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ti WGS84. Android 14 ló fi ti ojú òkun kún un. Àwọn áàpù kan ń ṣe àtúnṣe náà fúnra wọn, àwọn mìíràn kàn ń gbé ohun tí wọ́n rí síta. Tẹ́ ẹ bá rí MSL (ìpíndọ́gba ojú òkun), geoid tàbí EGM96 níbi ètò áàpù, tí wọ́n sì ti tàn án, ẹ má yọ N mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ̀ bá yọ ọ́.

Kódà lẹ́yìn èyí, ẹ má fọkàn tán mítà kan tàbí méjì. Àṣìṣe GPS lórí gíga sábà máa ń tó ìlọ́po kan àbọ̀ sí mẹ́ta àṣìṣe rẹ̀ lórí ibi tẹ́ ẹ wà nílẹ̀. Ìdí ni pé orí yín nìkan ni sátẹ́láìtì wà. Àwọn tó wà ní òdìkejì, ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ti dí wọn, kò sì sí èyí tó máa ti ìsàlẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe. Àwọn fóònù kan ní bàrómítà, tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó wọn gíga. Nítòsí ojú òkun, hPa 1 (hPa ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó) ló ń dín kù fún nǹkan bíi mítà 8 tẹ́ ẹ bá gùn. Ó dáa gan-an fún mímọ̀ pé ẹ ti gun àjà kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n tí ojú ọjọ́ bá yí padà lóru tí hPa 10 dín kù, ẹ̀ẹ́ jí láàárọ̀ kí fóònù ní ẹ ti gun òkè mítà 80 lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí ẹ ti mọ gíga rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ti máa tún un tò, kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ojú òkun tí máàpù ń sọ náà tún ní ti ẹ̀. Òkun ń kún, ó ń fà, nítorí náà ìpíndọ́gba ni wọ́n ń lò, ó sì dáa kó jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 19, torí ọdún 18.6 ni ipa òṣùpá fi ń yípo. Èbúté tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ti wọn tirẹ̀ yàtọ̀. Ní Panama, ojú òkun Pàsífíìkì fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 20 ga ju ti Àtìláńtíìkì lọ. Jámánì ń ka gíga láti Amsterdam, Switzerland láti Marseille, ìyàtọ̀ àárín wọn sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 27. Àwọn tó ń kọ́ afárá Laufenburg sórí odò Rhine, láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, mọ̀ nípa ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rò ó mọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n ti yọ ọ́. Lọ́dún 2003, wọ́n rí i pé apá méjèèjì ti fi sẹ̀ntímítà 54 yàtọ̀ síra, wọ́n sì ní láti rẹ apá ti Jámánì sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ẹ má fi fóònù pinnu rẹ̀. Ẹ ní kí awọnlẹ̀ bá yín wọn ọ́n láti àmì gíga tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ nítòsí, kó sì kọ orúkọ ìpele tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíga náà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ibi tí omi ga dé nígbà àkúnya tó tíì burú jù lágbègbè náà, kó jẹ́ láti ìpele kan náà. Ìpíndọ́gba òkun kọ́ ló ń wọlé èèyàn: ìkún omi tó ga jù, pẹ̀lú ìjì tó ń ti omi wá sétí ilẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Tó bá jẹ́ pé omi òjò ló ń dúró síbẹ̀, gíga láti ojú òkun ò sọ nǹkan kan. Bí ilẹ̀ náà ṣe rí sí àyíká rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ìyẹn, ẹ lè fúnra yín wọ̀n ọ́n. Ẹ rọ omi kún rọ́bà gígùn tí a lè rí inú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ kankan má kù nínú rẹ̀, torí òun ló sábà máa ń ba ìwọ̀n yìí jẹ́. Kí ẹnì kan di orí kan mú lójú ilẹ̀ yín, kí èkejì di orí kejì mú létí ọ̀nà tàbí gọ́tà, kí orí méjèèjì wà ní ṣíṣí. Tí omi bá dúró, ẹ wọn láti ojú omi dé ilẹ̀ níbi méjèèjì. Tó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 140 lójú ilẹ̀ yín, tó sì jẹ́ 95 létí ọ̀nà, ilẹ̀ yín fi sẹ̀ntímítà 45 rẹlẹ̀ sí ọ̀nà, ibẹ̀ ni omi ọ̀nà máa ṣàn sí.